Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ìbò àti lílé àjèjì

Lóṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní Gánà fún àjèjì tí kò níwèé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kúrò. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá láti Ògbómọ̀ṣọ́, Èjìgbò àti Ọ̀fà fi ọjà wọn sílẹ̀, wọ́n padà sílé lọ́wọ́ òfo.

Lóṣù Kìíní ọdún 1983, ó kan Nàìjíríà. Owó epo ti já wálẹ̀, ìbò ń bọ̀ lóṣù Kẹjọ. Ìjọba Shagari, ti ẹgbẹ́ NPN, náà fún àjèjì tí kò níwèé ní ọ̀sẹ̀ méjì láti kúrò. Àpò Ghana-Must-Go tí àwọn ará Gánà tí wọ́n lé fi kó ẹrù ṣì ń kó ọjà ní Mile 12 lónìí.

Ẹ̀yin ará Gbàgádà, bí olóṣèlú bá ní àjèjì ló gba iṣẹ́ yín, ẹ bi í léèrè iṣẹ́ tí òun pèsè.