Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Kí ni ìgbìmọ̀ olùwádìí?
Ìgbìmọ̀ olùwádìí kì í ṣe ilé ẹjọ́, bí adájọ́ tilẹ̀ ni alága rẹ̀. Ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì la ti bá a: òfin wọn ti 1921 fún irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ lágbára láti pe ẹlẹ́rìí kó wá búra. Àbá ló ń mú wá fún ìjọba, kì í dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ọ̀ràn.

Àwọn kan á ní, kí wá ni àǹfààní rẹ̀? Ẹ̀rí ni. Níwájú ìgbìmọ̀ Oputa, tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà gbé kalẹ̀ láti wádìí bí wọ́n ṣe tẹ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn lójú, àwọn tí wọ́n fìyà jẹ lábẹ́ ìjọba ológun sọ tẹnu wọn ní gbangba, tẹlifíṣọ̀n sì gbé e sáfẹ́fẹ́. Lóòótọ́, ní 2003 Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ pé ìjọba àpapọ̀ kò láṣẹ láti gbé irú rẹ̀ kalẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà. Ìjọba ò tẹ àbọ̀ ìgbìmọ̀ Oputa jáde; àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ló tẹ̀ ẹ́ síta nígbà tó yá.