Ẹ Má Tíì Ra Máṣíìnì Tuntun: Ohun Tó Ń Mú Kí Pákó Gún Régé

Ilẹ̀kùn wọ́díróòbù tí kò pa dé dáadáa, dúrọ́ọ̀ tó ń há, férémù tí igun rẹ̀ kan yanu: bí oníbàárà bá rí irú èyí, igi ló máa ń dá lẹ́bi. Wọ́n á ní pákó náà kò gbẹ, tàbí pé ọyẹ́ ló fà á. Òótọ́ ni pé igi máa ń sún kì nígbà ọyẹ́, tó sì máa ń wú nígbà òjò. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí wọ́n ń gbé wá sí ṣọ́ọ̀bù mi n'Íbàdàn fún àtúnṣe, ọwọ́ ojú ọjọ́ mọ́. Ibi tí wọ́n ti la igi ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Férémù ní igun mẹ́rin, igun kọ̀ọ̀kan sì ní ojú gígé méjì tó yẹ kó jẹ́ dígírì 45. Ojú gígé mẹ́jọ nìyẹn. Bí máṣíìnì bá fi ìdajì dígírì péré ṣì í lójú kọ̀ọ̀kan, nígbà tí ẹ ó bá fi dé igun ìkẹyìn, dígírì 4 ti wọ gbèsè. Kò sí gọ́ọ̀mù tàbí pọ́tì tó lè bo irú àlàfo bẹ́ẹ̀ kó pẹ́. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Orí máṣíìnì ló yẹ ká ti mú àṣìṣe yìí.

Máṣíìnì tí mò ń sọ ni ayùn róbótó tó yọ orí láàárín tábìlì, tí mọ́tò ń yí lábẹ́. Àwọn kan jẹ́ tòkunbọ̀. Àwọn mìíràn, àwọn wẹ́dà àdúgbò ló jó irin wọn pọ̀, tí wọ́n fi mọ́tò àti bẹ́líìtì sí i. Bí iṣẹ́ kò bá ti gún, àwọn ọmọ iṣẹ́ á ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká ra máṣíìnì ńlá." Èsì mi kì í yí padà: ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tún ohun tó yí bíléèdì ká ṣe. Agbára ni mọ́tò ń fún ayùn. Bíléèdì, fẹ́ǹsì àti ohun tó ń ti igi lọ ló ń mú kí igi tọ́.

Kí ẹ tó náwó kankan, ẹ wo bóyá bíléèdì bá tábìlì mu. Ọ̀pọ̀ máṣíìnì ní kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ méjì lórí, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ẹ yọ wáyà kúrò lára iná, kí ẹ gbé bíléèdì sókè pátápátá. Ẹ sàmì sí eyín kan, kí ẹ wọn bó ṣe jìnnà sí kòtò níwájú. Ẹ wá fi ọwọ́ yí bíléèdì títí eyín yẹn kan náà fi dé ẹ̀yìn, kí ẹ tún un wọ̀n. Eyín kan náà ni kí ẹ lò, torí bíléèdì fúnra rẹ̀ lè wọ́ díẹ̀. Bí ìwọ̀n méjèèjì bá yàtọ̀, ẹ dẹ bóòtì, kí ẹ sún tábìlì tàbí mọ́tò títí wọn yóò fi dọ́gba. Bí máṣíìnì yín kò bá ní kòtò rárá, ẹ lè fi pílíwúùdù tó nípọn bo orí tábìlì, kí ẹ la kòtò sí i.

Bíléèdì ló kàn. Nínú àwọn oní-íǹṣì 10, eléyín 24 dára fún lílà igi ní gígùn, torí àyè tó wà láàárín eyín rẹ̀ fẹ̀, ó sì ń kó fáfá jáde kíákíá. Eléyín 60 sí 80 ló ń gé ìbú igi àti pílíwúùdù láìfà á ya. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò bá gbé ju ẹyọ kan lọ, kó ra eléyín 40 tàbí 50. Eyín káábáìdì ni kí ẹ béèrè fún, torí igi wa kì í ṣeré: ìrókò máa ń ní òkúta ẹfun nínú, kíá ló sì ń sọ irin lásán di kúndu. Ẹ yẹ ihò àárín bíléèdì wò pẹ̀lú. Ti Amẹ́ríkà sábà máa ń jẹ́ íǹṣì 5/8, ti Yúróòpù sì jẹ́ mìlímítà 30. Bíléèdì tí ihò rẹ̀ bá tóbi ju ọ̀pá máṣíìnì lọ yóò máa gbọ̀n, kò sì ní gé igi tọ́ láéláé.

Lẹ́yìn èyí ni fẹ́ǹsì, ìyẹn ohun tí igi ń fara tì bó ṣe ń lọ. Pákó tí a fi kíláǹpù dè ní orí méjèèjì ni ọ̀pọ̀ wa ń lò. Kò burú, bí pákó náà bá tọ́, tí a sì wọ̀n ọ́n níwájú àti lẹ́yìn bíléèdì. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹ̀yìn rẹ̀ sún mọ́ bíléèdì ju iwájú lọ, nítorí yóò há igi mọ́ ayùn. Bíléèdì íǹṣì 10 tó ń yí nígbà 4,000 ní ìṣẹ́jú kan, eyín rẹ̀ ń sáré tó nǹkan bíi kìlómítà 190 ní wákàtí kan. Igi tó bá há mọ́ irú ayùn bẹ́ẹ̀ yóò fò padà sí àyà ẹni tó ń tì í. Ìdí nìyẹn tí irin pẹlẹbẹ tó máa ń dúró sẹ́yìn bíléèdì fi ṣe pàtàkì: òun ni kì í jẹ́ kí igi tí a là pa dé mọ́ ayùn. Bí tiyín bá ní i, ẹ má yọ ọ́ sọnù. Ẹ sì máa lo ọ̀pá ìtìgi dípò ìka yín.

Ẹ wo ẹnu ibi tí bíléèdì ti ń yọ. Bó bá fẹ̀ jù, abẹ́ pílíwúùdù á ya págunpàgun. Ẹ gé pílíwúùdù kékeré tó bá ẹnu náà mu, ẹ dè é mọ́lẹ̀ gbọn-in, kí ẹ rọra gbé bíléèdì tó ń yí gba àárín rẹ̀ kọjá. Àlàfo tó kù kò ní ju ìwọ̀n bíléèdì lọ.

Èyí tó ń múnú mi dùn jù ni pátákó ìtìgi, tí àwọn tó ń wo fídíò iṣẹ́ mọ̀ sí sled. Láti ọdún 1906 ni Wilhelm Altendorf ní ilẹ̀ Jámánì ti ṣe ayùn tí apá kan tábìlì rẹ̀ ń rìn pẹ̀lú igi. Pátákó yìí ń ṣe irú iṣẹ́ náà fún tálákà. Pílíwúùdù pẹlẹbẹ ni, pẹ̀lú igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì lábẹ́ tó ń rìn nínú kòtò, àti igi tó tọ́ lẹ́yìn tí iṣẹ́ ń fara tì.

Bí ẹ ṣe máa dán an wò nìyí. Ẹ mú pílíwúùdù onígun mẹ́rin, kí ẹ gé ẹ̀gbẹ́ kìíní. Ẹ yí i, kí ẹ̀gbẹ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gé fara ti igi ẹ̀yìn, kí ẹ gé èkejì, títí ẹ ó fi yí i po. Ẹ tún gé ẹ̀gbẹ́ kìíní lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ̀já tó jábọ́ fẹ̀ tó íǹṣì kan. Àṣìṣe gígé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti kóra jọ sára ẹ̀já yẹn. Ká ní ó gùn ní mìlímítà 500, tí kálípà fi hàn pé orí kan jẹ́ mìlímítà 25, èkejì 25.8. Ìyàtọ̀ náà jẹ́ 0.8, bí ẹ bá pín in sí mẹ́rin, ó ku 0.2. Bí síkúrù kan bá ti mú orí kan igi ẹ̀yìn dúró, ìwọ̀n tí ẹ ó fi sún un níbi tó fi mìlímítà 500 jìnnà sí síkúrù náà nìyẹn. Ẹ sún un, ẹ tún un dánwò, kí ẹ tó fi síkúrù dè é pa.

Ẹ̀yin ọ̀gá ẹlẹgbẹ́ mi, bíléèdì tó mú, fẹ́ǹsì tó dúró gbọn-in àti pátákó ìtìgi tí ẹ fọwọ́ ara yín kàn ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ ní. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ yín ní bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n, kí wọ́n má gba fíríídọ̀mù tán láìmọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin oníbàárà náà, bí ẹ bá lọ wo iṣẹ́ yín ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ ní kí káfíńtà gbé síkúwíà lé igun rẹ̀ lójú yín. Ẹni tó mọ iṣẹ́ kò ní bínú sí i.