Àrokò Lẹ́nu Bodè Íntánẹ́ẹ̀tì: Lílo Àmì Community láti Ṣẹ́ Ipa-Ọ̀nà BGP

Ìfáàrà

Ní ilẹ̀ Èkìtì, ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní ọba tirẹ̀: Ewì ní Adó, Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́. Àṣẹ ọba kan kì í ré kọjá bodè rẹ̀. Bákan náà ni íntánẹ́ẹ̀tì rí. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí ó dá dúró ló para pọ̀ di í, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní nọ́ńbà tirẹ̀. BGP ni ìlànà tí wọ́n fi ń kéde fún ara wọn pé, "Ọ̀dọ̀ mi ni a ń gbà dé àwọn àdírẹ́sì wọ̀nyí." Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé bí a ṣe ń fi àmì tí a ń pè ní community pinnu ìkéde tí yóò jáde àti èyí tí kò gbọdọ̀ jáde. Èrò wa ni pé àmì nìkan kì í dáàbò boni. Òfin tí a fún oníbodè ló ń ṣe é.

Àmì gẹ́gẹ́ bí àrokò

Láyé àtijọ́, ẹni tí a fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí mọ̀ pé ọkàn ẹni náà fà mọ́ òun. Lójú ẹni tí kò mọ àrokò, owó lásán ni. Bẹ́ẹ̀ ni community, tí ìwé ìlànà RFC 1997 là kalẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1996. Nọ́ńbà tí a so mọ́ ìkéde ni. Apá kìíní sábà máa ń jẹ́ nọ́ńbà nẹ́tíwọ́ọ̀kì, apá kejì a sì jẹ́ ìtumọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ yàn. Díẹ̀ bíi no-export nìkan ni gbogbo ayé jọ mọ ìtumọ̀ wọn.

Bí a ṣe ń ṣe é lórí súwíìṣì

Ẹ jẹ́ kí a mú nẹ́tíwọ́ọ̀kì 64512 ṣe àpẹẹrẹ, lórí súwíìṣì tí ń lo irú àṣẹ Cisco.

Èkíní, a ó fi àmì sí ìkéde lẹ́nu ìwọlé: 64512:10 fún ti ara wa àti ti oníbàárà, 64512:20 fún ti aládùúgbò, 64512:30 fún ti ẹni tí a ń ra íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ rẹ̀. Bí a kò bá fi ọ̀rọ̀ additive kún àṣẹ náà, àmì tuntun yóò pa gbogbo ti àtẹ̀yìnwá rẹ́. Èyí ń lé àyédèrú àrokò lọ, ṣùgbọ́n ó ń pa èyí tí ó wúlò rẹ́ pẹ̀lú.

Èkejì, a ó kọ community-list tí yóò dá 64512:10 mọ̀.

Ẹ̀kẹta, a ó kọ route-map tí yóò gba àmì náà nìkan láyè, a ó sì fi í sí ẹnu ìjáde sọ́dọ̀ aládùúgbò àti ẹni tí ń tà fún wa. Ohun tí route-map kò bá dárúkọ, yóò dá a padà. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, bí a kò bá fi route-map kankan síbẹ̀, gbogbo ìkéde ni yóò jáde.

Ẹ̀kẹrin, bí a bá fẹ́ kí àmì dé ọ̀dọ̀ ẹnìkejì, a gbọ́dọ̀ pàṣẹ send-community.

Ẹ̀kọ́ ọdún 2018

Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kọkànlá ọdún 2018, ilé-iṣẹ́ MainOne ní Èkó kéde ipa-ọ̀nà 212 tí ó jẹ́ ti Google fún China Telecom, èyí tí ó tún un kéde fún àwọn mìíràn, títí dé Rọ́ṣíà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ibi púpọ̀ lágbàáyé ni kò rí Google lò. MainOne ṣàlàyé pé àṣìṣe nínú asẹ́ BGP, nígbà tí wọ́n ń tún nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn ṣe, ló fà á, àti pé a tún un ṣe láàárín ìṣẹ́jú 74. Aládùúgbò ni Google jẹ́ fún wọn. Lábẹ́ òfin tí a là kalẹ̀ lókè yìí, irú ìkéde bẹ́ẹ̀ yóò ru àmì 20, oníbodè yóò sì dá a dúró.

Ìgúnlẹ̀

Ó yẹ kí olùkọ́ kọ̀ǹpútà fi ìbéèrè mẹ́ta kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kí wọ́n tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Ọ̀dọ̀ ta ni a ti gbọ́ ìkéde yìí? Ta ni ó yẹ kí ó gbọ́ ọ? Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí èyí tí kò ní àmì? Lẹ́yìn àtúnṣe kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tún yẹ ohun tí ń jáde sọ́dọ̀ aládùúgbò kọ̀ọ̀kan wò. Oníbodè tí kò bá mọ ìdáhùn wọ̀nyí yóò kàn máa ṣílẹ̀kùn fún gbogbo ẹni tó bá dé ni.