Kí ẹyin tó wọnú ẹ̀rọ: Bí wọ́n ṣe ń yan pátákó tí wọ́n fi ń dán kóòdù wò, àti bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ ara wọn tò ó

Ọjọ́ 21 ni adìẹ fi ń sàba lórí ẹyin kí ọmọ tó jáde. Lóde òní, ẹ̀rọ ló ń ṣe iṣẹ́ yìí fún ọ̀pọ̀ olùsìn adìẹ. Àwọn ọ̀dọ́ tó gbọ́ iṣẹ́ iná, títí kan àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe iṣẹ́ àṣekágbá ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, sì ń fi pákó, gílóòbù àti kọ̀ǹpútà kóńkóló kan ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fúnra wọn. Kọ̀ǹpútà kóńkóló yìí ni wọ́n ń pè ní microcontroller. Òun ló ń wo bí inú àpótí ṣe gbóná tó, òun ló ń tan iná, òun ló ń pa á, òun náà ló sì ń ka ọjọ́.

Àṣẹ tí èèyàn bá kọ sínú rẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí kóòdù, ló ń tẹ̀ lé. Bí àṣìṣe bá wà nínú kóòdù náà, kò ní bi ẹnikẹ́ni léèrè kó tó se ẹyin jinná. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí dunjú kì í fi gbé kóòdù tuntun lọ sínú ẹ̀rọ tí ẹyin wà nínú rẹ̀. Orí pátákó ìdánwò, tí àwọn òyìnbó ń pè ní development board, ni wọ́n ti ń kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ìbéèrè tó kù ni pé, irú pátákó wo ló yẹ kéèyàn lò? Ṣé kó rà á ni, àbí kó fọwọ́ ara rẹ̀ tò ó?

Ohun tí pátákó náà ń ṣe

Ṣíìpù nìkan kò lè dá ṣiṣẹ́. Ó nílò iná tí kò lọ sókè sódò, ó nílò ohun tí yóò máa bá a ka àkókò, ó sì nílò ọ̀nà tí kóòdù yóò gbà wọnú rẹ̀ láti orí kọ̀ǹpútà. Pátákó ìdánwò ti to gbogbo ìwọ̀nyí papọ̀. Kéèyàn ṣáà ti ki okùn USB bọ̀ ọ́, kó kọ kóòdù rẹ̀, kó sì fi í ránṣẹ́ sínú ṣíìpù. Bí ó bá rí àṣìṣe, yóò tún un ṣe, yóò sì tún fi í ránṣẹ́.

Arduino ni òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ nínú wọn. Ìlú Ivrea, lórílẹ̀-èdè Ítálì, ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní 2005, lórí ìpìlẹ̀ iṣẹ́ kan tí ọmọ Kòlóńbíà, Hernando Barragán, ti ṣe níbẹ̀, èyí tó pè ní Wiring. Èrò wọn ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í ṣe ẹnjiníà náà rí pátákó tí apá rẹ̀ ká. Wọ́n tú àwòrán bí wọ́n ṣe ṣe é síta fún gbogbo ayé, ìyẹn ló fi jẹ́ pé púpọ̀ nínú èyí tó wà lọ́jà lónìí kì í ṣe láti ọwọ́ Arduino fúnra rẹ̀. Èyí kò burú, bí ẹni tó ṣe é kò bá ti kọ orúkọ Arduino sí i lára. Ohun tó yẹ kí oníbàárà mọ̀ ni pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lo ṣíìpù CH340 níbi ojú USB, àwọn kọ̀ǹpútà kan kò sì ní dá a mọ̀ àfi bí wọ́n bá kọ́kọ́ fi sọ́fítíwíà rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà náà.

Èwo ni kéèyàn yàn?

Ọ̀pọ̀ ló máa ń béèrè pátákó tó yára jù. Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú ni pé, ṣíìpù wo ni yóò wà nínú ẹ̀rọ náà nígbà tí iṣẹ́ bá parí? Irú ṣíìpù yẹn gan-an ló yẹ kó wà lórí pátákó ìdánwò, nítorí kóòdù tó ṣiṣẹ́ dáadáa lórí ọ̀kan lè kọṣẹ́ lórí òmíràn.

Arduino Uno R3 ń lo ṣíìpù ATmega328P. Mẹgahẹ́ẹ̀tì 16 ni eré rẹ̀, ààyè kílóbáìtì 32 ló wà fún kóòdù, kílóbáìtì 2 péré sì ni ti ìrántí ojú ẹsẹ̀. Èyí kéré lójú ẹni tó mọ fóònù ìgbàlódé, ṣùgbọ́n ó tó, ó tún ṣẹ́ kù, fún ẹ̀rọ ìsàba. Àǹfààní ńlá kan tún wà níbẹ̀: a lè yọ ṣíìpù ara rẹ̀ kúrò, ká gbé e sórí pátákó mìíràn tí a fọwọ́ ara wa tò. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó sanwó, nítorí irú kan wà tí wọ́n fi lẹ́ẹ̀dì jó ṣíìpù rẹ̀ mọ́ pátákó, ìyẹn kò ṣeé yọ. Uno R4 tó jáde ní 2023 kò sì lo ATmega328P mọ́.

Bí ẹni tó ni adìẹ bá fẹ́ máa wo ẹ̀rọ rẹ̀ lórí fóònù láti ọ̀nà jíjìn, ESP32 ló bá a mu, nítorí ó ní Wi-Fi nínú. Ní ti Raspberry Pi Pico tó jáde ní oṣù kìn-ín-ní 2021, dọ́là mẹ́rin ni wọ́n dá lé e nígbà náà, ìrántí rẹ̀ sì jẹ́ kílóbáìtì 264. Ṣùgbọ́n fóòtì 3.3 ni ẹsẹ̀ àwọn méjèèjì yìí ń gbà, nígbà tí ti Uno ń gbà 5. Ẹni tó bá so ohun tó ń fi fóòtì 5 ránṣẹ́ mọ́ wọn tààrà lè ba ṣíìpù náà jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Nígbà tó bá kan fífọwọ́ ara ẹni tò ó

Lẹ́yìn tí kóòdù bá ti ṣiṣẹ́ lórí èyí tí a rà ló yẹ kéèyàn to tirẹ̀. Bí a bá to tiwa kí kóòdù tó dúró, tí nǹkan sì kọ̀, a kò ní mọ̀ bóyá kóòdù ni tàbí wáyà.

Ohun tó nílò kò pọ̀: ṣíìpù ATmega328P, kírísítà mẹgahẹ́ẹ̀tì 16, kapásítọ̀ píkófáráàdì 22 méjì fún kírísítà náà, rẹsísítọ̀ 10k kan lẹ́sẹ̀ reset, kapásítọ̀ nánófáráàdì 100 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ tí iná ń gbà wọlé, àti iná fóòtì 5 tó dúró. Orí breadboard ni kí wọ́n ti kọ́kọ́ tò ó, nítorí kò gba lẹ́ẹ̀dì. Bí ó bá ti dúró tán, kí wọ́n wá jó o mọ́ Veroboard.

Ọ̀fìn kan wà níbẹ̀ tó ti gbé ọ̀pọ̀ èèyàn mì. Ṣíìpù ATmega328P tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iléeṣẹ́ dé kì í wo kírísítà rárá. Aago inú ara rẹ̀ ló ń lò, mẹgahẹ́ẹ̀tì 1 sì ni eré rẹ̀ títí wọn yóò fi yí ètò rẹ̀ padà. Bí kóòdù tí wọ́n kọ fún 16 bá wọnú rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìṣẹ́jú kan yóò di ìṣẹ́jú 16. Ẹyin tó yẹ kí ẹ̀rọ yí ní wákàtí méjì-méjì yóò wá di ẹ̀ẹ̀kan ní wákàtí 32. Nítorí náà, ẹ lo Uno mìíràn láti ṣètò ṣíìpù tuntun náà, tàbí kí ẹ yọ ti orí Uno yín lò.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì ni ti relay tó ń tan gílóòbù. Ẹsẹ̀ ṣíìpù yìí kò gbọ́dọ̀ kọjá mílíáńpù 40, bẹ́ẹ̀ relay kékeré onífóòtì 5 tó wọ́pọ̀ ń fa bíi 70. Tiransísítọ̀ gbọ́dọ̀ wà láàrin wọn, dáódù sì gbọ́dọ̀ wà lára relay náà.

Ìdánwò tí kò gbọ́dọ̀ fò

Kò sẹ́ni tó lè máa dúró fún ọjọ́ 21 nítorí ìdánwò kan. Ẹ kọ ọ́ sínú kóòdù pé kí ìṣẹ́jú kan dúró fún ọjọ́ kan, kí ẹ sì fi iná LED kékeré rọ́pò gílóòbù, kí iná fóòtì 230 má bàa wà nítòsí. Láàrin ìṣẹ́jú 21, ẹ óò rí i bóyá ẹ̀rọ náà dẹ́kun yíyí ẹyin ní ọjọ́ 18 bó ṣe yẹ.

Lẹ́yìn èyí, ẹ yọ iná kúrò ní ọjọ́ 12, kí ẹ sì dá a padà. Níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, kóòdù tí kò bá fi ọjọ́ pa mọ́ sínú EEPROM yóò bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe kọ ọ́ síbẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan o. Ìgbà 100,000 ni wọ́n fọwọ́ sọ̀yà pé ojú ibẹ̀ lè gba ìkọ̀wé, ìyẹn kò sì tó ọjọ́ méjì. Ẹ̀ẹ̀kan ní wákàtí kan ti tó. Ìgbà 504 péré ni yóò jẹ́ fún ọjọ́ 21.

Ìdánwò tó ṣe pàtàkì jù ni pé kí ẹ fa wáyà òṣùwọ̀n ooru yọ. Pẹ̀lú DS18B20 tí ọ̀pọ̀ ń lò, kóòdù àkójọ tó wọ́pọ̀ fún un máa ń dáhùn pé -127 nígbà tí wáyà bá já. Kóòdù tí kò mọ̀ pé àṣìṣe nìyẹn yóò rò pé òtútù ń mú ẹyin, yóò sì tan gílóòbù láì pa á mọ́. Ìwọ̀n 37.5°C tí ẹyin ń fẹ́ yóò kọjá, ọmọ inú rẹ̀ yóò kú, pákó àpótí náà sì lè gbiná. Kóòdù gbọ́dọ̀ mọ̀ pé nọ́ńbà yẹn kì í ṣe ooru, kó pa iná, kó sì ké gbàjarè. Kí ẹ tún fi tẹ́mósítáàtì lásán kan, tí kò gba àṣẹ lọ́wọ́ ṣíìpù, sójú ọ̀nà iná náà.

Gbogbo ìdánwò yìí ni kí wọ́n tún ṣe lórí pátákó tí wọ́n fọwọ́ ara wọn tò, pẹ̀lú iná tí ẹ̀rọ náà yóò máa lò gan-an, kì í ṣe ti USB. Ẹni tó bá fara balẹ̀ ló ń rí ìfun èèrà. Pátákó tó bá jóná ṣeé pààrọ̀ lọ́jọ́ kejì, ṣùgbọ́n ọjọ́ 21 tí ẹyin fi ṣòfò kò sí lọ́jà tí wọ́n ti ń tà á.