Bí Adìẹ Ṣe Ń Mọ Ilé Tuntun ní Maikunkele

Ẹni tí ó bá kó kúrò nínú ìlú Minna lọ sí Maikunkele, tí í ṣe olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Bosso, kì í fi adìẹ rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí yóò gba yàrá rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá tú wọn sílẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ó dé, ilẹ̀ lè ṣú kí ó má rí ju ìdajì lọ. Àwọn yòókù yóò ti gun igi mángòrò aládùúgbò, tàbí kí wọ́n bá agbo adìẹ ẹlòmíràn wọlé. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń le. Adìẹ kò ní ilà ojú. Àlejò tí kò tí ì gbọ́ Gbagyi tàbí Hausa dáadáa ni yóò máa tọ́ka sí ọ̀kan nínú agbo onílẹ̀ pé tòun ni. Adìẹ kan ṣoṣo tó láti ba àárín wọn jẹ́ kí ẹrù tó tú tán.

Okùn ni àwọn àgbà nílé mọ̀ sí ọ̀rọ̀ yìí. Wọn a so adìẹ tuntun mọ́ òpó, wọn a da àgbàdo síwájú rẹ̀ títí ojú rẹ̀ yóò fi mọ́lé. Ọgbọ́n náà dára fún adìẹ kan tàbí méjì tí ẹnìkan ń ṣọ́. Bí ó bá di mẹ́wàá, okùn a lọ́ mọ́ra, a jẹ wọ́n lẹ́sẹ̀, ajá a sì dé bá ohun tí kò lè sá. Ọ̀rọ̀ á wá di ti adìẹ bà lókùn: ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ.

Òru gbéṣẹ́ ju okùn lọ. Adìẹ kì í ríran nínú òkùnkùn. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ẹni tí ó ni wọ́n lè rọra gbé wọn sínú àgò láìsí ariwo, kí ó sì gbé wọn lé orí igi tí wọn yóò máa sùn sí nínú ilé tuntun. Ibẹ̀ ni ilẹ̀ yóò mọ́ bá wọn. Kí ó má ṣe ṣílẹ̀kùn fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, ó kéré tán; kí wọ́n máa jẹ, kí wọ́n máa mu, kí wọ́n máa sùn níbẹ̀. Nígbà tí yóò bá ṣí i, kí ó jẹ́ nǹkan bí wákàtí kan kí oòrùn tó wọ̀, kí ebi sì ti máa pa wọ́n. Òkùnkùn kò ní jẹ́ kí wọ́n lọ jìnnà, ẹ̀kúnwọ́ ọkà bàbà yóò sì pè wọ́n padà. Yíyé ẹyin lè dúró fún ọjọ́ mélòó kan. Ìyẹn kì í ṣe àìsàn.

Ṣùgbọ́n ilé tí a óò sé wọn mọ́ ńkọ́? Ní oṣù kẹta àti oṣù kẹrin, ooru agbègbè Minna kì í ṣe kékeré. Adìẹ kì í làágùn; ẹnu ni ó ń là hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀. Ilé pátákó tí a sé pa lábẹ́ páànù yóò pa wọ́n kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n nílé. Kí gígùn ilé náà lọ láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn, kí ògiri rẹ̀ má ga ju orúnkún lọ, kí ìyókù jẹ́ àwọ̀n, kí a sì da koríko bo páànù. Bí ọyẹ́ bá dé, àpò ìdọ̀họ tí a ta sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá ti tó.

Ti adìẹ tí a rà lọ́jà yàtọ̀. Ìwọ̀nyí a máa gbé àrùn lùkúlùkú wá, èyí tí àwọn oníṣègùn ẹran ń pè ní Newcastle, ìgbà ọyẹ́ sì ni ó ń jà jù. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ni kí wọ́n fi dá gbé. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹran ti ìjọba àpapọ̀ ní Vom, tí ó ti wà láti ọdún 1924, ń ṣe oògùn àjẹsára kan tí a ń kán sí wọn lójú. Lẹ́yìn náà, kí a kó wọn wọlé lóru, ní méjì-méjì tàbí mẹ́ta-mẹ́ta. Èyí tí ó bá dá wọlé ni gbogbo agbo yóò ṣá lẹ́nu jẹ, nítorí adìẹ ní àgbà àti àbúrò láàrin ara wọn. Thorleif Schjelderup-Ebbe, ará Nọ́ọ́wè, ti kọ̀wé lórí rẹ̀ ní ọdún 1922.

Awó ni kò gbọ́ràn. Bí ó tilẹ̀ lo oṣù kan nínú ilé, orí igi ni ọkàn rẹ̀ wà. Nítorí náà ni àwọn tí ó mọ̀ ọ́n sìn fi ń gbé ẹyin rẹ̀ sábẹ́ àgbébọ̀ adìẹ. Ibi tí àgbébọ̀ bá sùn sí ni àwọn ọmọ awó náà ń tẹ̀ lé e lọ sùn.