Ẹkùn Tí A Rí, Ẹkùn Tí A Ò Rí

Ní oṣù kìíní ọdún 2023, ọ̀rọ̀ ẹkùn gba ẹnu gbogbo èèyàn ní Joubert Park, ní Johannesburg. Mo jókòó sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ kan, ọmọ ilé wa, ariwo àwọn tó ń pe èrò sí takisí ní ibùdókọ̀ Noord ń wọlé bá wa. Ó dáwọ́ dúró lórí mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ gbọ́ pé ẹkùn ti já?" Ó na fóònù rẹ̀ sí mi. Ẹranko inú fóònù náà tóbi, ilà dúdú ló bò ó láti ọrùn dé ìrù. Mo ní, "Àbúrò, èyí kì í ṣe ẹkùn tiwa. Àmì tótòtó ló wà lára tiwa, kò kọlà."

Àmọ́ ó ti já lóòótọ́. Sheba ni wọ́n ń pè é, abo táígà ọmọ ọdún 8 tí wọ́n ń sìn nínú ọgbà kan ní Walkerville, ní gúúsù Johannesburg. Ó bọ́ síta, ó ṣe ọkùnrin kan léṣe, ó pa ajá, wọ́n fi hẹlikópítà wá a káàkiri, nígbà tó di ọjọ́ mélòó kan wọ́n pa á. Kí oṣù náà tó tán, wọ́n tún rí òmíràn ní Edenvale, láàárín ilé àwọn èèyàn. Bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ Éṣíà ni ilé táígà, kò sí igbó kan ní Áfíríkà tó ti lè jáde fúnra rẹ̀. Èèyàn ló gbé e wá, èèyàn ló sé e mọ́lé. Àánú rẹ̀ ṣe mí títí di òní.

Láti ìgbà yẹn, ajá ńlá tó bá gba inú páàkì kọjá lálẹ́ ti di ẹkùn lójú ẹni tó rí i.

N kì í pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní òpùrọ́. Ní Èkó, ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, àwọn aládùúgbò fẹjọ́ sùn pé kìnnìún ń bẹ nínú ilé kan ní Victoria Island, nítòsí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé. Ta ni ìbá gbà á gbọ́? Nígbà tí ìjọba dé ibẹ̀, kìnnìún ọmọ ọdún 2 ni wọ́n bá. Ti àwọn ará Bodmin nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ pé ẹranko abàmì kan ń pa wọ́n lágùntàn. Ìjọba wádìí ọ̀rọ̀ náà ní 1995, wọn ò rí ẹ̀rí kankan. Kò pẹ́ tí ọmọdé kan rí agbárí ẹkùn nínú odò Fowey, ni ariwo bá tún sọ. Àwọn onímọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò: agbárí ẹkùn ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ara awọ tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ nínú ilé ló ti wá, àpò ẹyin aáyán ilẹ̀ olóoru sì wà nínú rẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ní òun rí ẹkùn, ojú ẹsẹ̀ ni èmi máa ń bi í. Kìnnìún tí wọ́n ń pè ní Sylvester sá kúrò nínú ọgbà ẹranko ìjọba ní Karoo ní oṣù kẹfà ọdún 2015. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó fi rìn, nǹkan bí 300 kìlómítà, tó ń pa àgùntàn jẹ lọ. Àwọn tó mọ ojú ẹsẹ̀ ẹranko ló ń tọ ipa rẹ̀ títí ọwọ́ fi tẹ̀ ẹ́ láàyè.

Ẹkùn gidi, irú tiwa, kò jìnnà sí Johannesburg. Orí òkè Magaliesberg ló ń gbé, tó ń gba ọkọ̀ ní wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láti Joubert Park. Òru ló ń rìn. Á pa ẹran, á gbé e gun igi. Ẹni tó bá a gbélé lórí òkè kan náà lè dàgbà kó má fojú kàn án. Àwa tí a ń fi awọ rẹ̀ bu ọlá fún ọba, tí a sì sọ ẹ̀ṣọ́ wa ní Àmọ̀tẹ́kùn ní 2020, mélòó nínú wa ló ti rí i láàyè? Mo gbà pé ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi tètè ń wọ̀ wá lára. Orúkọ rẹ̀ kò kúrò lẹ́nu wa, òun fúnra rẹ̀ ló ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú igbó wa.

Mo bá àwọn kan gun òkè náà ní àárọ̀ ọjọ́ kan. Létí odò kékeré kan, ọkùnrin tó ń ṣamọ̀nà wa dúró, ó tọ́ka sí iyanrìn tútù. Ìka mẹ́rin yí àtẹ́lẹsẹ̀ kan ká, kò sí àpá èékánná kankan, nítorí ẹkùn máa ń fa tirẹ̀ wọlé bó bá ń rìn. Ajá kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Mo na ọwọ́ mi lé e lórí, kò tó àtẹ́lẹwọ́ mi. Gbogbo wa gbójú sókè wo àpáta, ẹnikẹ́ni kò rí nǹkan kan. Nígbà tí mo tún wolẹ̀, omi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sun wọ inú ojú ẹsẹ̀ náà ni.