Ẹ Pe Oníṣẹ́ VFX Kí Kámẹ́rà Tó Bẹ̀rẹ̀ Iṣẹ́

Bí ẹ bá ti wo fíìmù Aníkúlápó tí Kúnlé Afọláyan gbé jáde lọ́dún 2022, ẹ ó rántí ẹyẹ àkàlà tó jí Sàró, olú ẹ̀dá ìtàn náà, dìde kúrò nínú òkú. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi gbé ẹyẹ náà kalẹ̀. VFX là ń pe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀: kí a fi ohun tí kámẹ́rà kò rí sínú àwòrán, tàbí kí a yọ ohun tó rí kúrò. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe jẹun ní Ìkòsí nìyẹn.

Ọgbọ́n náà ti pẹ́. Lọ́dún 1896, Georges Méliès, ará Faransé, dá kámẹ́rà dúró láàárín eré, obìnrin kan kúrò lórí àga, kámẹ́rà tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Lójú òǹwòran, obìnrin náà pòórá ni. Nígbà tí Hubert Ògúndé gbé fíìmù Aiyé jáde lọ́dún 1979, tí òun fúnra rẹ̀ ṣe Ọ̀ṣẹ́túrá tó kojú àwọn àjẹ́, kò sí irú kọ̀ǹpútà tí à ń lò lónìí, síbẹ̀ ẹ̀rù ba àwọn èèyàn.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé a fẹ́ kí òṣèré kan fò kọjá lórí ọjà Mile 12. A ó kọ́kọ́ ya ọjà náà láti òkè, tòun ti apẹ̀rẹ̀ tòmátì àti ọkọ̀ tó ń já ata. Lẹ́yìn náà, a ó fi okùn gbé òṣèré kọ́ nínú yàrá, níwájú aṣọ aláwọ̀ ewé. Àwọ̀ ewé kò sí lára awọ èèyàn, ìdajì àwọn ojú wẹ́wẹ́ inú kámẹ́rà ìgbàlódé ló sì ń gbà á. Kọ̀ǹpútà á yọ ọ́ kúrò, a ó wá tẹ́ ọjà sí ẹ̀yìn òṣèré. Bí òṣèré bá wọ ẹ̀wù àwọ̀ ewé, ẹ̀wù náà á bá a lọ.

Okùn yẹn ńkọ́? Àwòrán 24 ló ń kọjá lójú yín ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí òṣèré bá fi ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún fò, àwòrán 120 ni mo gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan kí n lè pa okùn náà rẹ́.

Ìmọ́lẹ̀ ló ń ba iṣẹ́ wa jẹ́ jù. Bí oòrùn bá ti ọwọ́ òsì ràn sí ọjà, tí iná yàrá wá ti ọwọ́ ọ̀tún, òǹwòran á fura, bí kò tilẹ̀ mọ ìdí. Àwọn olùdarí fíìmù á ti ya gbogbo rẹ̀ tán kí wọ́n tó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa fi kọ̀ǹpútà tún un ṣe." Òjìji tó ṣubú síbi tí kò yẹ, ọwọ́ ni mo fi ń kùn ún, lórí jẹnẹrétọ̀, ẹni tó ni fíìmù ló sì ń sanwó epo.

Ẹ̀yin olùdarí fíìmù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe oníṣẹ́ VFX yín láti ìgbà tí ẹ bá ti ń ka ìwé eré, kó sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá ń yà á. Owó iṣẹ́ ọjọ́ kan tí ẹ ó san fún un kò tó owó àtúnṣe oṣù kan.